Ìtàn Morozko: ta ló sọ fún mi pé onísùúrù ni bàbá ọmọ yẹn?

Àbẹ̀kẹ́_Òǹkàwé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ àṣetiléwá ló gbé mi dé. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa fún wa ní ìtàn àtẹnudẹ́nu kan tó jẹ́ ti àwọn ará Rọ́ṣíà, Morozko lorúkọ rẹ̀. Ó ní ká kọ nípa kókó ìtàn náà, ohun tó ń ṣe sí ọkàn ẹni tó ń kà á, àti ìwà àwọn ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Mo kọ tèmi, mo fi sílẹ̀, ló bá dá a padà. Níbi tí mo kọ ọ́ sí pé “bàbá ọmọ náà jẹ́ onísùúrù ènìyàn”, ó fi bírò pupa kọ “Ta ló sọ fún ọ?” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò kọ nǹkan mìíràn. Kò fún mi ní máàkì, kò sì bú mi.

Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà: ọkùnrin kan ní ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyẹn náà ní ọmọ tirẹ̀. Ìyàwó yìí ò fẹ́ fojú kan ọmọ ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òtútù ń mú bí nǹkan míì, ó ní kí ọkọ òun lọ gbé ọmọ rẹ̀ jù síta gbangba. Ọkọ gbé e lọ. Morozko, ìyẹn òtútù fúnra rẹ̀ tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀, wá bá ọmọ náà, ó bi í bóyá ara rẹ̀ móoru. Ọmọ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Morozko bá fún un ní ẹ̀wù onírun, àpótí ẹrù ìyàwó, àti aṣọ tí wọ́n fi wúrà àti fàdákà ṣe ọnà sí. Nígbà tí ìyàwó rí i, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ tòun náà lọ. Ìyẹn là á mọ́ Morozko lójú, òtútù bá pa á.

Ohun tí mo kọ ni pé kókó ìtàn náà ni “ẹni tó bá ṣe rere á jẹ èrè rere”, pé ìbànújẹ́ ló wà nínú rẹ̀, àti pé bàbá jẹ́ onísùúrù. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá_Tíṣà

Àbẹ̀kẹ́, o kú akitiyan. Olùkọ́ rẹ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju pé kí o na ìka sí ibi tí ìtàn ti sọ ohun tí o kọ.

Ohun àkọ́kọ́: ìtàn méjì lo pò pọ̀. Alexander Afanasyev, tó kó ìtàn àwọn ará Rọ́ṣíà jọ tó sì tẹ̀ wọ́n jáde láàárín 1855 sí 1863, gbé oríṣi Morozko méjì síbẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò ó lóde òní, nọ́ńbà 95 àti 96 ni wọ́n, wọ́n fara kínra. Nínú 95, ọmọ náà lórúkọ, Marfusha. Ibẹ̀ ni Morozko ti ń bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ara rẹ̀ móoru. Nínú 96, kò lórúkọ, Morozko kò sì bi í ní ìbéèrè kankan lórí ooru. Ó kàn ní, “Ọmọbìnrin, èmi rè é, Òtútù onímú pupa.” Ọmọ yẹn ní kó máa bọ̀, pé bóyá Ọlọ́run ló rán an wá mú ẹ̀mí òun ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ.

Ohun kejì wà nínú 96 yìí kan náà. Ìtàn sọ ọ́ kedere pé ṣe ni Morozko fẹ́ gbá a pa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n tó ti ẹnu ọmọ náà jáde wù ú, àánú rẹ̀ bá ṣe é. Ọ̀rọ̀ ni o. Sọ fún mi, ìwà rere wo lo rí tí ọmọ yẹn hù? Kò bomi fún arúgbó, kò tọ́jú ẹranko, kò ṣiṣẹ́ kankan. Ó jókòó sórí òkìtì òjò dídì, ó ń gbọ̀n, ó sì sọ̀rọ̀. Bí o bá máa kọ kókó ìtàn náà, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Sùúrù_Ò_Sí

Ẹ dúró ná. Ṣé kì í ṣe Marfusha ni ọmọ ọ̀lẹ yẹn ni? Èyí tó ń jẹun ṣáá lábẹ́ igi?

Bàbá_Tíṣà

Inú fíìmù Morozko tí wọ́n ṣe ní 1964 lo ti rí ìyẹn. Níbẹ̀, Nastenka lọmọ dáadáa, Marfushka sì ni wọ́n sọ èyí tí kò dáa. Ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀ rárá, ẹlẹ́dẹ̀ ló fa ọkọ̀ rẹ̀ délé. Nínú ìwé Afanasyev, ọmọ dáadáa ni Marfusha. Ẹni tó bá fi fíìmù yẹn kọ iṣẹ́ yìí ti wọ gàù.

Sùúrù_Ò_Sí

Mo ti wọ̀ ọ́ o 😂 Mo kọ irú iṣẹ́ yìí lọ́dún tó kọjá.

Ìyá_Ọ̀rúnmọwọ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ dá sí ti ohun tí ìtàn ń ṣe sí ọkàn, torí ọdún kẹsàn-án mi rè é níbi tí òjò dídì ń bọ̀.

“Ìbànújẹ́” tí o kọ yẹn kéré. Ka ibi tí Morozko ti ń bọ̀ nínú 95 dáadáa. Wọn ò sọ pé “òtútù mú púpọ̀”, kí wọ́n wá dákẹ́. Ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe ni pé ó ń dún pẹ̀pẹ̀ lórí igi, ó ń fò láti orí igi kan bọ́ sórí òmíràn, ó ń ta ìka. Ohùn lásán lo máa kọ́kọ́ gbọ́, o ò tíì rí ẹni kankan.

Ẹni tí kò bá gbé nínú òtútù lè rò pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn. Tí òjò dídì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ tán, ilẹ̀ máa ń pa lọ́lọ́. Òjò dídì fífúyẹ́ yẹn ń gbé ohùn mì, o lè máà gbọ́ ọkọ̀ títí yóò fi dé ẹ̀yìn rẹ. Nígbà tí òtútù bá wá burú jáì, bí ẹ̀rọ bá ń sọ pé ọgbọ̀n lábẹ́ òdo, èèpo ẹ̀yìn igi á súnkì ju inú rẹ̀ lọ, igi á wá là lójijì, yóò dún bí ìbọn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo dìde jókòó lórí ibùsùn, mo pa iná, mo tún tan iná. Mo rò pé ẹnì kan wà níta ni.

Nítorí náà, nínú ìdákẹ́jẹ́ tí ọmọ yẹn jókòó sí, lábẹ́ igi páìnì lórí òkè kékeré, ohun kan ṣoṣo tó ń dún ni ohun tó máa pa á. Ó ń dún lọ́nà jíjìn, ó tún dún nítòsí. Ìyẹn kọjá ìbànújẹ́. Ṣe ni ìtàn ń jẹ́ kí o máa retí. Òun ló ń mú kí àyà ẹni máa já.

Àbẹ̀kẹ́_Òǹkàwé

Mà, ẹ ṣé gan-an. Mi ò tiẹ̀ fiyè sí ohùn rárá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa pe Morozko ní Yorùbá? Mo kọ “Bàbá Yìnyín”.

Atúmọ̀_Èdè

Yìnyín le jù fún un. Èyí tó máa ń já lu òrùlé ni yìnyín lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, tàbí èyí tó dì gbagidi nínú fìríìjì. Orúkọ Morozko wá láti inú moroz, òtútù tí ń mú nǹkan dì, kì í ṣe ohun tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti bá wa ya wọ́n sọ́tọ̀ nínú Sáàmù 147: òjò dídì fún èyí tó funfun bí irun àgùntàn, ìrì dídì fún èyí tó fọ́n ká bí eérú. Tèmi ni pé kó jẹ́ Ìrì Dídì tàbí Òtútù. Bí wọ́n ṣe pè é náà tún ní ohun tó ń sọ: “-ko” tó wà nídìí orúkọ yẹn ń sọ ọ́ di ohun ìkẹ́, bí ẹni pé “Òtútù kékeré mi”. Ohun tó ń pani ni wọ́n ń fi orúkọ pọ́n lé.

Dókítà_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbà mí láyè kí n ba ìtàn yìí jẹ́ díẹ̀. Ẹni tí òtútù ń pa lọ, ní òpin rẹ̀ pátápátá, ooru máa ń mú un. Ẹ̀jẹ̀ tí ara ti fà wọ inú lọ á ṣàdédé tú padà sí awọ, ẹni náà á sì rò pé iná ń jó òun. Wọ́n ti rí òkú irú wọn nínú òjò dídì tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn bọ́ aṣọ.

Ẹ wá ka ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà kẹta tí Morozko bi í nínú 95, ara rẹ̀ ti ń gan, ohùn rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde mọ́, ó wá ní ara òun móoru. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀wù onírun àti ẹ̀bùn dé. Lójú tèmi, ọmọ náà ti kú. Àlá ẹni tó ń kú ni ìyókù.

Sùúrù_Ò_Sí

Dókítà, kí ló dé 😭

Bàbá_Tíṣà

Dókítà, ohun tí ẹ sọ nípa ara ènìyàn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ti rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè kúrò nínú ìtàn kí ẹ máa túmọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ padà lọ láàárọ̀, ó bá a láàyè. Nínú 95 ó lọ́kọ, ó sì bímọ. Bí àlá bá ni, ta ló ń lá a nígbà tí wọ́n gbé òkú àwọn ọmọ ìyàwó (méjì ni wọ́n nínú 95) wọlé? Síbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ lè lò ó fún apá ọkàn. Iyèméjì tí ẹ mú wá yẹn wà lórí ìtàn náà lóòótọ́. Ìyàwó ilé sọ fún ọkọ rẹ̀ nínú 95 pé kó lọ fi Marfusha fún Morozko ní ìyàwó. Ìgbéyàwó ló fi bo ikú mọ́lẹ̀. Látìgbà yẹn, kò sí nǹkan ìgbéyàwó kan nínú ìtàn náà tí òórùn ikú ò sí lára rẹ̀, àpótí ẹrù ìyàwó náà wà níbẹ̀.

Mojí_Kò_Gbà

Èmi ò gbà ní tèmi o. Gbogbo yín ń yin ọmọ yìí. Kí ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin? Pé bí ìyà bá ń jẹ ọ́ tí ẹni tó ń fi jẹ ọ́ bá bi ọ́ pé “ṣé ó dùn?”, kó o ní ó dùn? Ọmọ kejì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, pé ọwọ́ òun ti gan, ẹsẹ̀ òun ti gan. Òótọ́ ló pa á.

Ìyá_Ọ̀rúnmọwọ́

Mojí, èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni orúkọ tí ọmọ náà pe Morozko nínú 95: batyushko. Bàbá. “Ara mi móoru, Bàbá.” Bàbá tó bí i ti fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó ti lọ sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì kù lẹ́nu rẹ̀, kò rí ẹni tí yóò pè é, ó sì pe òtútù bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni ká pe ìyẹn.

Mojí_Kò_Gbà

Mà, ìyẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà.

Bàbá_Tíṣà

Má gbà. Olùkọ́ Àbẹ̀kẹ́ á fẹ́ràn ẹni tó kọ̀ tó sì na ìka sí ibi tó ti rí i. Jẹ́ kí n tiẹ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́: ìgbẹ̀yìn 95 ni pé bàbá àgbà yìí ń fi Morozko dẹ́rù ba àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣoríkunkun. Àbí o rí ohun kan tó gbè ọ́ lẹ́sẹ̀ ju ìyẹn lọ?

Nípa ìgbọràn yìí kan náà, ẹ fi wé ìtàn Frau Holle ti àwọn ará Jámánì, tí àwọn arákùnrin Grimm tẹ̀ jáde ní 1812. Àwọn onímọ̀ ìtàn fi àwọn méjèèjì sí ìdílé kan náà, nọ́ńbà 480 nínú àtòjọ oríṣi ìtàn tí wọ́n ṣe, ọmọ dáadáa àti ọmọ burúkú. Níbẹ̀, iṣẹ́ ni: ọmọ náà yọ búrẹ́dì nínú ààrò, ó gbọn ápù lórí igi, ó gbọn ibùsùn ìyá arúgbó títí ìyẹ́ fi ń fò tí òjò dídì sì ń bọ̀ láyé. Ọwọ́ ló fi gba wúrà. Ti Rọ́ṣíà yìí, ẹnu nìkan ni.

Adébóyè_K

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ohun tí ọmọ yìí béèrè gan-an. Bàbá ńkọ́? Lójú tèmi, ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pàṣẹ nílé. Ó sunkún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Mojí_Kò_Gbà

Ẹkún! Bọ̀ọ̀dá Adé, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹkún móoru fún?

Bàbá_Tíṣà

Adébóyè, jẹ́ ká ka 96 bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó sunkún, bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ọmọ sórí ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà lórí òjò dídì. Ó fẹ́ fi aṣọ ìbora ẹṣin bò ó, ẹ̀rù bà á, kò bò ó. Dúró níbẹ̀ ná. Aṣọ ẹṣin ni o, kì í ṣe aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ máa wá kiri. Ó ti nawọ́ sí i, ó fà á sẹ́yìn.

O lè ní ìyàwó ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó dáa. Nígbà tí wọ́n dé gbangba, ta ló ń wò ó? Ó dà á sórí òkìtì òjò dídì, ó fi àmì àgbélébùú súre fún un, ó sáré padà sílé kí ojú rẹ̀ má baà rí ikú ọmọ rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ló ń ṣàánú.

Ìyá_Ọ̀rúnmọwọ́

Mo ka iye ìgbà tí wọ́n ran bàbá yìí níṣẹ́ nínú 96. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Gbé e lọ. Lọ gbé òkú rẹ̀ wá. Gbé tèmi náà lọ, ibì kan náà ni kí o gbé e sí. Lọ gbé tèmi wá, má jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé, má jẹ́ kí àpótí bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ. Kò sí ìgbà kan tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé “mò ń lọ wo ọmọ mi”. Nígbà tó sì ń gbé ọmọ ìyàwó lọ, ó mọ ohun tó wà lọ́hùn-ún dáadáa, kò sọ “ẹ jẹ́ ká fi aṣọ bò ó”.

Adébóyè_K

Mo tẹ́ 😅 Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé òun náà kọ́ ni òtútù pa jù? Ó kàn jẹ́ pé tirẹ̀ ò hàn.

Bàbá_Tíṣà

Èyí tó dáa jù tí o sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Sùúrù_Ò_Sí

Ajá ńkọ́? Ajá ni mo fẹ́ràn jù, ẹ ò sì dárúkọ rẹ̀. Ìyàwó ń dín blini, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń jẹ níbi ìsìnkú, ọmọ tí wọ́n ń sè é fún ò tíì kú. Ajá wà lábẹ́ tábìlì tó ń gbó pé wọ́n ń gbé ọmọ bàbá bọ̀ nínú wúrà àti fàdákà, pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ọmọ ìyá. Ìyàwó sọ blini kan sí i, ó ní gbà, sọ pé ọmọ tèmi ni wọ́n máa fẹ́, egungun tọ̀hún ni wọ́n máa gbé wá. Ajá jẹ blini tán, ó tún sọ èyí tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀. Ó gba rìbá, kò ṣiṣẹ́ rìbá!

Atúmọ̀_Èdè

Òun nìkan ló sọ òótọ́ nínú ilé yẹn, wọ́n sì lù ú. Mojí, o rí i? Òótọ́ wà níbẹ̀ tí kò pa ẹni tó sọ ọ́.

Mojí_Kò_Gbà

Torí pé abẹ́ tábìlì ló wà, inú ilé, níbi tó móoru 😏

Àbẹ̀kẹ́_Òǹkàwé

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti ya ti àkọ́kọ́ dànù. Mo mú 96 nìkan, kí n má baà po ó pọ̀ mọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rè é:

“Nínú ìtàn yìí, aṣọ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò fi bora. Bàbá fẹ́ fi aṣọ ìbora ẹṣin bo ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn èyí, òtútù tó wá pa ọmọ náà ló ju ẹ̀wù onírun sí i. Ohun tí bàbá kò lè ṣe, òtútù ṣe é, nítorí ọmọ náà bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Nígbà tí ìyá kejì sáré jáde láti dì mọ́ ọmọ tirẹ̀, òkú tútù ló dì mọ́. Ìtàn náà bani nínú jẹ́ gan-an.”

Bàbá_Tíṣà

Yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kúrò. Òkú tútù ti sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Òǹkàwé

Mo ti yọ ọ́, sà.